Gìtá mi, ọ̀sẹ̀ kọkànlá: àtàǹpàkò ṣì ń sáré

Ọ̀sẹ̀ kìíní
Ọdún mẹ́fà ni gìtá yìí fi sùn lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Eruku bò ó, okùn rẹ̀ ti dógùn-ún. Okùn tuntun ni mo kọ́kọ́ lọ rà, torí èyí tó bá ti dógùn-ún kì í di ohùn mú, ṣe ló máa ń bó èèyàn níka. Mo fi fóònù yẹ ohùn wọn wò, mo ń yí èèkàn títí wọ́n fi bọ́ sí E, A, D, G, B, E, láti orí èyí tó nípọn jù. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ ti tún dẹ̀. Bí okùn tuntun ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ rọra fi ọwọ́ fà á sókè díẹ̀, kí ẹ tún un yí. Tí ẹ bá ṣe é bíi ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin, á dúró.

Tẹ́nọ̀ gìtá ti jùjú ni mo fẹ́ mọ̀ ọ́n ta. Ní òde àríyá, ẹni tó ń ta líìdì ni gbogbo ojú ń wò, àmọ́ ẹ tẹ́tí sí onítẹ́nọ̀ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, tó ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo láti agogo mẹ́wàá alẹ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Tí ìyẹn bá ṣìnà, gbogbo wọn ṣìnà.

Ọ̀sẹ̀ kejì
Mo fi ìṣẹ́jú kan ka iye ìgbà tí mo lè kúrò lórí kọ́ọ̀dù C (kọ́ọ̀dù ni ohùn mélòó kan tí à ń ta pọ̀) bọ́ sórí F. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án péré! Ìtìjú ni. Nígbà tí mo wo ọwọ́ òsì mi dáadáa, mo rí i pé àárín fírẹ́ẹ̀tì (àlàfo tó wà láàárín irin kan sí èkejì lọ́rùn gìtá) ni mò ń tẹ̀, tí mo sì ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń fọ́ ẹ̀kùrọ́. Ẹ sún ìka mọ́ irin fírẹ́ẹ̀tì náà, ẹ máa rí i pé agbára díẹ̀ ti tó. Èkejì ni pé ìka mi máa ń fò jìnnà tí mo bá gbé e sókè. Kó kàn kúrò lára okùn ti tó. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ parí, ó ti di mẹ́tàdínlógún. F kékeré ni o, tó jẹ́ okùn mẹ́rin. Èyí tí ìka ìlábẹ̀ fi ń dá gbogbo okùn dè, mo ṣì fi í sílẹ̀ ná.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin
Okùn ga jù lójú mi, ni mo bá yọ egungun funfun tí wọ́n gùn lé nísàlẹ̀ gìtá, mo gbé sáńpépà. Ojú kòkòrò kò jẹ́ kí n dúró níbi tó yẹ. Nígbà tí mo dá a padà, okùn kẹfà, èyí tó nípọn jù (láti orí èyí tó tín-ín-rín jù ni wọ́n ti ń kà wọ́n), ń dún jẹ̀ẹ̀jẹ̀ẹ̀ lórí fírẹ́ẹ̀tì bí eṣinṣin inú ìgò. Ohun tó yọ mí ni káàdì ríṣáàjì tí mo ti lò: mo gé e tẹ́ẹ́rẹ́, mo ká a sí méjì, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ egungun náà. Ibẹ̀ ló ṣì wà títí di òní, kò sì sẹ́ni tó mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà
Mo rìnrìn àjò. Mi ò fọwọ́ kan gìtá.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ
Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa bá mi dé ilé. Mo ta ohun tí mo mọ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Dádì, ọwọ́ òsì yín ti dáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń sáré, sà. Ta ló ń lé yín?”

Mo ní irọ́ ni. Ó gba ohùn gìtá mi sílẹ̀ sórí fóònù, ó sì ní kí n máa pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e. Nígbà tí yóò fi di ìṣẹ́jú kejì, àtẹ́wọ́ mi kò bá a mọ́. Láti ọjọ́ náà, mò ń gba ara mi sílẹ̀ lójoojúmọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ti gbìyànjú, òun ló ràn mí lọ́wọ́ jù, òun náà ló sì ń dùn mí jù.

Ọwọ́ ọ̀tún ló kù díẹ̀ káàtó. Ìka méjì péré ni àwọn àgbà onígìtá ẹmu, àwọn tó ń ta gìtá níbi tí wọ́n ti ń mu ẹmu, fi ń ta á: àtàǹpàkò di àwọn okùn tó nípọn mú, ìka ìlábẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lókè. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà wà lára àwọn tó gbé ọ̀nà yẹn káàkiri èbúté Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kí Àyìndé Bákàrè tó gbé gìtá oníná wọ inú jùjú ní 1949. Ọmọ náà ní kí n fi àtàǹpàkò nìkan ta okùn karùn-ún àti ìkẹrin lórí kọ́ọ̀dù C, pẹ̀lú mẹ́tírónóòmù (ẹ̀rọ tó ń dún láti fi ìwọ̀n ìlù hàn) ní 60, ìyẹn ìgbà ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú kan, fún ọjọ́ mẹ́rin, kí ìka kejì má dá sí i rárá. Ó súni gan-an.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án
Ìka ìlábẹ̀ wọlé. Dò, re, mí tí wọ́n fi kọ́ wa ní àmì ohùn nílé ìwé ni mo lò. Ẹ di C mú: okùn kejì ní fírẹ́ẹ̀tì kìíní ni dò, ẹ fi ọmọńdinrín tẹ fírẹ́ẹ̀tì kẹta rẹ̀, ìyẹn ni re, okùn kìíní lásán ni mí. “Bàbá mi ti dé”: dò, mí, re, re, mí. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọ́ lórí àtàǹpàkò tó ń lọ, kí ẹ tó fi ìka sọ ọ́. Mo ta á fún bíi ìdajì wákàtí. Ìyàwó mi yọjú láti kíṣìnnì: “Màmá mi ti dé kẹ̀? Wọn ò sọ fún mi pé àwọn ń bọ̀!” Àmì ohùn kan náà ni, ẹ ò lè bá a jiyàn.

Ọ̀sẹ̀ kọkànlá
C sí F ti di mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú kan. Mẹ́tírónóòmù ti dé 84. Tí mo bá gbé e sí 90, ìka ìlábẹ̀ á fa àtàǹpàkò lọ́wọ́, àwọn méjèèjì á jọ sá lọ. Mo ti dá a padà sí 76. Ìṣẹ́jú márùn-ún láìyẹsẹ̀ ni mò ń wá báyìí. Mẹ́ta àti díẹ̀ ni mo ní lánàá, kí ajá aládùúgbò tó gbó.