Ta Ló Mọ Ohun Tó Wà Nínú Ewúrẹ́?

Àwọn ọmọ SS2 tí mo ń kọ́ nírọ̀lẹ́ nílé wa ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́, ti há àfiwé tààrà àti àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ sórí. Kí n tó sọ pé "ó dúdú bíi kóró iṣin" tán, wọ́n ti dáhùn. Ọgbọ́n ìsọ̀tàn ló ń dà wọ́n láàmú: ojú-mi-ló-ṣe, níbi tí asọ̀tàn ti ń fi "mo" sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, àti arínúróde, níbi tí asọ̀tàn ti mọ ohun gbogbo, títí dé inú ọkàn àwọn tó ń sọ̀rọ̀ wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ pé Fágúnwà fúnra rẹ̀ ló dọdẹ lọ, torí "mo" ló kún inú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Bíírò pupa ti wà lọ́wọ́ mi kí n tó rò ó wò. Ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi. "Èmi" méjì ló wà nínú ìwé ọdún 1938 yẹn. Àkọ́kọ́ ni ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ tí bàbá arúgbó kan wá bá, tó ní kó máa kọ ohun tí òun bá sọ sílẹ̀. Èkejì ni bàbá ọ̀hún, Àkàrà-oògùn, ọdẹ gan-an. Fágúnwà, ará Òkè-Igbó wa yìí, gbọ́n o! Bí ọ̀rọ̀ iwin bá ṣòro gbà gbọ́, akọ̀wé ti yọ ọwọ́ ara rẹ̀: bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mo wá mú ọ̀rọ̀ wálé. Gbogbo wọn ló mọ̀ nípa ewúrẹ́ ìyá kan ládùúgbò tó jẹ èlùbọ́ mi. Mo ní kí àwọn mẹ́ta sọ ọ́.

Ẹni àkọ́kọ́ ṣe èmi: "Mo sá èlùbọ́ mi sórí ẹní, mo ní kí n sáré pọn omi..." Ojú-mi-ló-ṣe nìyẹn. Èkejì ṣe ìyá elewúrẹ́: "Ewúrẹ́ tèmi kì í jáde, mo so ó mọ́lẹ̀." Ẹ̀rín pa wá, torí ewúrẹ́ yẹn kò mọ okùn rí láyé rẹ̀. "Mo" lòun náà ń wí, àmọ́ asọ̀tàn tí kò ṣeé gbọ́kàn lé ni, adùn rẹ̀ sì ni pé àwa tí à ń gbọ́ mọ̀ jù ú lọ.

Ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀: "Ìyá náà mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun kò so ó. Láti àárọ̀ ni ewúrẹ́ ti ń ro ti èlùbọ́ yẹn."

Ọmọ tó rán Fágúnwà lọ igbó fò dìde. "Àǹtí, ta ló wá mọ ohun tó wà nínú ewúrẹ́?"

"Asọ̀tàn arínúróde ni."

"Ta ló sọ fún un?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún un."

Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kí n má parọ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ́ èmi náà lọ́rùn. Asọ̀tàn tí mo lè bi pé "níbo lo wà nígbà yẹn?" ni mo fẹ́ràn jù.

Mo ní kí wọ́n lọ kọ tiwọn wá. Nígbà tí tirẹ̀ dé lọ́jọ́ Ajé, ewúrẹ́ ló ń sọ̀tàn: "Mo jẹ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì gbẹ."

Kò sì tíì gbẹ nítòótọ́. Mo fún un ní 8 nínú 10. Kò fi àmì ohùn sí i.