Òdo kì í ṣe ọ̀tá

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ̀yìn yàrá sẹ́mínà ni mo jókòó sí lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ọ̀kan nínú yín, níbi tó ti ń fi kọ̀ǹpútà ka okùn ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá, fi ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn. Àyà mi já. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ kà fún yín.

Àkọ́kọ́, ẹ ṣọ́ àmì. Ọ̀rẹ́ ni +1, ọ̀tá ni −1. Ẹ fi àmì mẹ́ta tó wà láàárín ẹni mẹ́ta sọ ara wọn di púpọ̀: bó bá já sí +1, ara rọ̀ wọ́n, bó bá já sí −1, nǹkan ò fara rọ. Ẹ mọ ìyẹn, n kò ní máa ka iṣẹ́ Fritz Heider, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti 1946 sí yín létí.

Ìkejì, ẹ mọ ibi tí dátà yín ti wá. Èyí tí Kenneth Read, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, tẹ̀ jáde ní 1954 nípa àwọn Gahuku-Gama, ní orí òkè Papua New Guinea, ni mo lò. Ẹ̀yà 16, okùn ọ̀rẹ́ 29, okùn ọ̀tá 29. Ṣùgbọ́n méjì-méjì tó wà nínú 16 jẹ́ 120. A jẹ́ pé 62 kò ní okùn kankan: òdo ni àmì tiwọn.

Ibẹ̀ ni mo jìn sí. Kóòdù tí mo kọ fún kọ̀ǹpútà ní: bó bá jẹ́ 1, kọ +1, else (bí bẹ́ẹ̀ kọ́), kọ −1. Else yẹn ló pa mí! Ó gbá òdo 62 jọ, ó dà wọ́n sọ́dọ̀ ọ̀tá. Ọ̀tá 29 di 91. Àwọn tí Read kò sọ pé wọ́n bá ara wọn jà rí, mo ti fi ọfà lé wọn lọ́wọ́. Onígun mẹ́ta 560, ìyẹn ẹ̀yà mẹ́ta-mẹ́ta, ló kún fọ́fọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọ̀tá mẹ́ta. Mo wá fi odindi orí kẹrin nínú ìwé àṣekágbá mi ṣàlàyé ogun tí n kò rí.

Olùdánwò láti ìta fi ìka kan òdo kan nínú dátà Read: “Ọ̀gbẹ́ni, ta ló sọ fún ọ pé àwọn méjì yìí ń jà?”

Mo wo ọ̀gá mi. Fóònù ló ń wò. Ọ̀gá tó ka iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì tó sì buwọ́ lù ú o! Oṣù mẹ́fà ni mo fi tún un kọ. Mo ti dárí jì í, àmọ́ n kò tíì gbàgbé fóònù yẹn.

Ẹ̀kọ́ kẹta dà? Ó ti bọ́ lórí mi. Ẹ sáà wo ilé tí ẹ ń gbé: ẹni tí kò kí yín láàárọ̀ yìí, ṣé ọ̀tá yín ni, àbí kò tilẹ̀ rí yín?

Ìwọ tó sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbé kọ̀ǹpútà rẹ wá bá mi kí o tó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo la máa tún ṣe.