Alárù lásán

Ẹ kú ìbéèrè orúnkún mi o. Ó ti ń gbọ́ràn díẹ̀. Lónìí mo ra iṣu, mo san owó iná, òjò lé mi wọlé. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nílé aránṣọ láàárọ̀, kò tíì fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó lọ sí ogun Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ni bàbá kan bá ní, "Alárù lásán ni wọ́n jàre. Èwo nínú wọn ló jagun?" Mi ò fèsì. Èmi tí ẹnu mi kì í gbélẹ̀!

Alárù lásán.

Lọ́dún 1944, ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó jọ, àwọn tí àmì aláǹtakùn wà léjìká wọn, gba orí òkè bọ́ sí àfonífojì Kaladan lọ bá àwọn ará Jàpáànì jà. Wọ́n la ọ̀nà jíìpù tó tó kìlómítà 120 nínú igbó orí òkè. Níwájú, jíìpù ò lè lọ mọ́. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn, á sì yípo padà sílé. Ta ló wá ń rù ú gòkè? Orí ni. Orí àti òṣùká. Ẹni tó di ẹrù mú lórí, ọwọ́ wo ló fẹ́ fi yìnbọn?

Bàbá ìyá mi wà níbẹ̀. Ará Ṣakí ni wọ́n; àwọn ará Sabe níhìn-ín, ní ilẹ̀ Benin, Faransé ló kó tiwọn lọ. Bí a bá ti bi wọ́n nípa ogun, ọrùn ni wọ́n máa ń fọwọ́ pa. A máa ń rò pé wọn ò gbọ́ ìbéèrè ni.

Èmi nìyí, ike omi kan péré ni mo gbé gun àpáta Sabe. Ẹ wo orúnkún. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Àbí bàbá yẹn ò tilẹ̀ purọ́? Alárù ni wọ́n lóòótọ́. "Lásán" yẹn ló ń ta mí. Àmọ́ ta ló tiẹ̀ ni ogun ọ̀hún, tí wọ́n fi ń fi ọrùn wọn... Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ lálẹ́ yìí.

Aṣọ mi ò tíì parí. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ Sátidé. Bí bàbá yẹn bá tún jókòó síbẹ̀...