Nínú gbogbo àwọn agbágóòlù Hawthorn, Peter Hudson ni tèmi

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ síta. Tí ẹ bá ṣí àkọsílẹ̀ Hawthorn, kíláàbù bọ́ọ̀lù àwọn ará Australia kan ní ìlú Melbourne, Jason Dunstall lẹ máa bá lókè téńté, góòlù 1,254 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 269, kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn níbẹ̀, kódà nínú gbogbo ìtàn líìgì yẹn Tony Lockett àti Gordon Coventry nìkan ló gbá jù ú lọ. Mo gbà, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ tí wọ́n bá ní kí n mú ẹnì kan ṣoṣo, Dunstall kọ́ ni mo máa mú.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò wo bọ́ọ̀lù àwọn ará Australia yìí rí: òpó mẹ́rin ló wà níbi tí wọ́n ń gbá a sí, kò sí àwọ̀n, kò sí gólì. Tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ gbá a kọjá láàárín òpó méjì tó ga, pọ́íǹtì mẹ́fà nìyẹn, tó bá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ẹyọ kan péré. Ẹni tó bá sì gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá bọ̀ mú lókè kó tó balẹ̀, wọ́n á dá a sílẹ̀ kó fara balẹ̀ gbá tiẹ̀. Ẹni tó máa ń dúró nídìí òpó lọ́hùn-ún, full-forward, iṣẹ́ tiẹ̀ ò ju ìyẹn lọ: gbà á mú, gbá a wọlé, padà síbi tó o wà.

Hawthorn wọ líìgì lọ́dún 1925, ìyà jẹ wọ́n gan-an ni, ọdún 1961 ni wọ́n tó gba ife àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà John Peck gbá góòlù jù nínú gbogbo líìgì lọ́dún mẹ́ta léra wọn, 1963 sí 1965. Ó dáa. Àmọ́ ẹ wo nǹkan tó tẹ̀ lé e.

Hudson dé láti Tasmania, erékùṣù kan ní gúúsù Australia, lọ́dún 1967. Nígbà tó máa di 1968 ó gbá 125, 1969 ó gbá 120, 1970 ó gbá 146! Bó sì ṣe ń gbá a ò dùn ún wò rárá, pẹrẹsẹ báyìí ló ń gbá a, bọ́ọ̀lù á máa fì lókè bí ẹyẹ tí òkò bà, ẹ máa rò pé kò lè débẹ̀, ṣùgbọ́n àárín òpó náà ló ń gbà kọjá. Mo ti wo fídíò rẹ̀ títí, mi ò tíì mọ ọgbọ́n tó ń dá sí i.

Wá wo 1971. Rẹ́kọ́ọ̀dù sáà kan, Bob Pratt ti South Melbourne ló ni ín, 150, láti 1934. Hudson wọ àṣekágbá pẹ̀lú 147, St Kilda ni wọ́n bá pàdé, mẹ́ta á bá a dọ́gba, mẹ́rin á jẹ́ kó di tiẹ̀ nìkan. Ó gbá mẹ́ta. Ẹ̀kẹrin ò wọlé, gbogbo bí wọ́n ṣe ṣe é, kò wọlé. Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni pé Hawthorn fi 20 pọ́íǹtì wà lẹ́yìn nígbà tó ku ìdá kan nínú mẹ́rin kéré parí, Bob Keddie tí ẹnikẹ́ni ò fọkàn sí ló wá gbá mẹ́rin nínú ìdá tó kù yẹn, wọ́n sì fi 82 sí 75 gba ife. Nítorí náà rẹ́kọ́ọ̀dù bọ́ lọ́wọ́ Hudson, ife wọlé.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dún 1972, wọ́n ń bá kíláàbù tó ń jẹ́ Melbourne gbá, ó ti gbá góòlù mẹ́jọ kí wọ́n tó gba ìsinmi ìdajì eré, bí orúnkún ẹ̀ ṣe yẹ̀ nìyẹn. Mẹ́jọ o, nínú ìdajì! Sáà yẹn parí fún un níbẹ̀. Lọ́dún 1973 ó ti padà sí Tasmania, wọ́n ní kó wá ràn wọ́n lọ́wọ́, ló bá dé, hẹlikọ́pítà ló gbé e balẹ̀ sí pápá Waverley láti wá kojú Collingwood, ó tún gbá mẹ́jọ. Lọ́dún 1977, pẹ̀lú orúnkún yẹn náà, ó gbá 110. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, 727 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 129. Ẹ pín in o, ó lé ní márùn-ún àbọ̀ lójúmọ́ eré kọ̀ọ̀kan, kò sì tíì sí ẹlòmíì tó nírú ìpíndọ́gba bẹ́ẹ̀ nínú líìgì náà. Ti Dunstall ò pé márùn-ún.

Kí n má rẹ́ Dunstall jẹ ṣá. Lọ́dún 1992 ó gbá 17 lọ́jọ́ kan ṣoṣo sí Richmond, márùn-ún mìíì sì gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, tí méjì nínú wọn bá wọlé ni, rẹ́kọ́ọ̀dù 18 tí Fred Fanning ti fi sílẹ̀ láti 1947 ti lọ nìyẹn. Lọ́dún 1996 tí wọ́n fẹ́ da Hawthorn pọ̀ mọ́ Melbourne, kíláàbù méjèèjì kojú ara wọn, ó gbá mẹ́wàá, ó pé 100 fún sáà yẹn, wọ́n fi pọ́íǹtì kan ṣoṣo borí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Hawthorn sì kọ ìdàpọ̀ náà.

Leigh Matthews ńkọ́? Góòlù 915, àárín pápá ló sì ti ń sáré wá gbá a, kì í ṣe ẹni tó ń dúró nídìí òpó. Ọkùnrin náà le débi pé ó sáré kọlu òpó kan lọ́dún 1982, òpó ló kán!

Lance Franklin, tí wọ́n ń pè ní Buddy, ló kẹ́yìn nínú irú wọn. Góòlù 113 lọ́dún 2008. Ọjọ́ tó pé 100, Carlton ni wọ́n ń bá gbá, èrò ya bo pápá, bẹ́ẹ̀ Brendan Fevola ti Carlton náà ń wá 100 tiẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, 99 ló bá dúró. Àánú ọkùnrin yẹn ṣì ń ṣe mí. Láti ìgbà náà kò sẹ́ni tó dé 100 mọ́ níbikíbi nínú líìgì, nítorí àwọn kóòṣì ti kó èèyàn kúnnú ẹ̀yìn, wọ́n sì ń pín góòlù láàárín ẹni mẹ́rin márùn-ún. Jarryd Roughead ṣáájú gbogbo líìgì lọ́dún 2013 pẹ̀lú 72 péré, Hawthorn sì gba ife lọ́dún yẹn, lọ́dún 2014, lọ́dún 2015. Mi ò lè bá wọn jiyàn ife mẹ́ta, àmọ́ tó bá di pé kí n jókòó wo bọ́ọ̀lù, ẹ fún mi ní ọkùnrin kan nídìí òpó tí gbogbo pápá mọ̀ pé òun ni wọ́n ń gbá a sí, tí wọn ò sì rí nǹkan kan ṣe sí i.