Kí wọ́n bú ẹ, kí wọ́n sì gbowó wọn

Màmá alábàárù kan wà lọ́jà Òkè-Ajé, n'Íjẹ̀bú-Òde níbí, tí ẹnu wọn mú ju abẹ lọ. Ẹ kú iṣẹ́ lásán lo máa kí wọn, wọn á ní ṣé ìwọ lo gba àwọn síṣẹ́ ni. Nígbà tí orúnkún wọn wú, tí wọn ò lè gbẹ́rù mọ́, àwa tá à ń ta gàrí dáwó fún wọn. Ìgbà tá a fẹ́ dá òmíràn ni Ìyá Elépo fàáké kọ́rí: "Ẹni tó bú mi lánàá? Kí wọ́n lọ bá àwọn èèyàn wọn!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ pé Màmá ò léèyàn kankan.

Ìyá Elépo kì í ṣe ìkà o. Àmọ́ àánú a máa wojú kó tó lawọ́, ohun tó tọ́ séèyàn kò sì gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Tèmi ni pé kò sẹ́nì kan nínú wa tó wẹ ara rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ẹnì kan ló fi kànìnkànìn wẹ̀ wá, tó rọ wá lágbo, kò sì béèrè bóyá a máa níwà. Ìyá tí mo jẹ ní gbèsè yẹn ti kú. Ẹni tó bá wà níwájú mi ni mo máa san án fún, ì báà kí mi, ì báà má kí mi.

Àbúrò mi tó ń ka ìwé lọ́yà ṣí ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún mi. Abala 34 ní kí wọ́n má tẹ́ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má fìyà jẹ ẹ́. Èèyàn lè pẹjọ́ lórí ìyẹn. Abala 17 ní kí wọ́n má pa ọmọdé àti àgbà tì. Ó dáa. Àmọ́ Orí Kejì ló wà, abala 6 sì ní ilé ẹjọ́ ò ní í dá ẹjọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Ìyẹn ni pé bí ọlọ́pàá bá gbá Màmá létí, kóòtù wà. Bí ebi bá lù wọ́n ṣubú, kí wọ́n máa gbàdúrà. Àdéhùn Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tí Nàìjíríà sọ di òfin ní 1983, tiẹ̀ ní ààbò àkànṣe tọ́ sí arúgbó. Mi ò tíì rí àkànṣe yẹn lọ́jà.

Mo wá ní ká yéé pe owó tí à ń dá fún Màmá ní ìrànlọ́wọ́. Ká kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ pé ẹni tó bá wà láàárín wa tí agbára rẹ̀ tán, a óò máa dá owó oúnjẹ rẹ̀ lọ́jọọjọ́ ọjà. Ìyá Elépo ní, "Bí wọ́n bá tún bú mi ńkọ́?"

"Kí wọ́n bú ẹ, kí wọ́n sì gbowó wọn."

Ó pòṣé, ó ju tiẹ̀ sínú abọ́. Mo gbé e fún Màmá. Wọ́n kà á lójú mi, wọ́n ní kò pé. Òótọ́ ni: igba náírà kan ti lẹ̀ mọ́ ìdí abọ́, epo ọwọ́ Ìyá Elépo ló mú un.