“Kò Tilẹ̀ Ya Ẹni Tó Kú”

Òjò rọ̀ láti àárọ̀, iṣẹ́ tètè parí, mo sì yà sí Phillips Collection, ilé ìfihàn àwòrán kan ní Washington, kí n tó máa lọ sílé. Níwájú àwòrán kẹẹ̀ẹ́dógún nínú 60 tí Jacob Lawrence, ayàwòrán aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, yà ní 1940 sí 1941, nípa àwọn aláwọ̀ dúdú tó ṣí kúrò ní gúúsù Amẹ́ríkà lọ sí àríwá, mo gbọ́ tí ìyá àgbà kan sọ fún ẹni tó bá a wá pé: “Kò tilẹ̀ ya ẹni tó kú.”

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn, kò sì tíì kúrò létí mi.

Àwòrán náà kò ju íǹṣì 12 sí 18 lọ. Ẹ̀ka igi kan nà jáde, ojóbó okùn rọ̀ lára rẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀; nísàlẹ̀, ẹnì kan tó wọ aṣọ pupa ká jọ, ó doríkodò, a kò rí ojú rẹ̀. Lawrence kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé níbi tí wọ́n bá ti so ènìyàn rọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ti ń lọ́ tìkọ̀ láti kúrò níbẹ̀ máa ń kúrò lójú ẹsẹ̀.

Mo kọ́kọ́ bínú sí ìyá náà nínú mi. Àwọn apànìyàn ìgbà náà gan-an, àwọn aláwọ̀ funfun tó ń so àwọn aláwọ̀ dúdú rọ̀ láìsí ìdájọ́, ló máa ń ya fọ́tò òkú tí wọ́n so rọ̀, tí wọ́n ń sọ ọ́ di káàdì tí wọ́n ń tà, tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí ará àti ọ̀rẹ́. Kí ni Lawrence yóò tún fi òkú kan kún un fún? Àmọ́ ohùn ìyá náà rẹlẹ̀ púpọ̀. Bóyá ìmoore ni. Bóyá ẹ̀dùn ni.

Kì í sì í ṣe pé Lawrence kò mọ bí a ti ń fi ènìyàn kún àwòrán. Ní 1964, nígbà tí òun àti Gwendolyn Knight aya rẹ̀ ń gbé Nàìjíríà, ó ya Street to Mbari: òrùlé páànù, aṣọ títà, àwọn obìnrin tó ru ẹrù, ọjà kún débi pé ẹsẹ̀ kò gbèrò. Ayọ̀ ni àwòrán yẹn máa ń fún mi, ayọ̀ gidi! Ẹni tó lè ya èyí mọ̀ọ́mọ̀ fi okùn yẹn sílẹ̀ lófìfo ni.

Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n pa ní orúkọ, ó sì ní ojú. Bí ohun tí ìyá náà ń bèèrè bá jẹ́ pé kí ẹnì kan ya ojú yẹn nígbà tó ṣì wà láàyè, níbi tó ti ń jẹun tàbí tó ti ń ná ọjà, a jẹ́ pé èmi àti òun…