Ẹ kó ẹrù kúrò lábẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kí ìjì tó dé

Ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ọdún 2015, ilẹ̀ ti ṣú ní Garland lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas tí à ń gbé, àfi bí gbogbo fóònù inú ilé ṣe han pọ̀. Tọ̀nédò, ìjì líle tó ń yí bí òkòtó, ń bọ̀. Tí àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ bá ní "watch", ojú ọjọ́ lè bí i ni. "Warning" ni tiwa: wọ́n ti rí i, tàbí ráédà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìjì láti òkèèrè, ti gbé e.

Ìyá mi wá láti Ìbàdàn wá bá mi wẹ ọmọ. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe nílé tí ìjì bá dìde náà ni wọ́n ṣe: wọ́n sáré lọ ti fèrèsé. Mo figbe ta: "Mọ́mì, ẹ kúrò níbẹ̀!" Tí ìjì yìí bá fọ́ gíláàsì, ọ̀bẹ ló dà yẹn.

Ilé wa kò ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, wọn ò pọ̀ ní Texas. Kọ̀rọ̀ abẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la ti fojú sí tipẹ́, nítorí ó wà láàárín ilé, kò sì ní fèrèsé. Ọkọ mi ṣílẹ̀kùn. Báàgì Ghana Must Go mẹ́ta tó ń dúró de ẹni tó ń lọ sílé, kúlà tí a fi ṣe ìkómọ, àpò ìrẹsì méjì, bílẹ́ńdà tó ti kú. Ó ń wọ́ ẹrù síta, mo gbé ọmọ mọ́yà, Mọ́mì ń ka Sáàmù 91. Nígbà tí a wọlé tán, ẹsẹ̀ wọn kan ṣì wà níta.

Kò gba àdúgbò wa. Ọ̀nà I-30 ló gbà kọjá, ó pa èèyàn 10, inú mọ́tò ni ọ̀pọ̀ wọn wà. (Tó bá ká yín mọ́ títì, ẹ má sá sábẹ́ bíríìjì o. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tún máa ń le sí i.)

Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pàdánù òrùlé rẹ̀ ní Rowlett, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Ìjì ò ṣe é ní nǹkan kan. Ìgbà tó jáde láìwọ bàtà ni ìṣó gún un. Láti ìgbà náà, bàtà tó bo ẹsẹ̀ ló wà lábẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún oníkálukú wa, pẹ̀lú akoto tí àwọn ọmọ fi ń gun kẹ̀kẹ́, tọ́ọ̀ṣì, omi, àti páásípọ́ọ̀tù nínú ọ̀rá. Rédíò ojú ọjọ́ tó ń lo bátìrì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, torí àwọn tó wà níta ni wọ́n ṣe sírénì tí ìlú fi ń kìlọ̀ ìjì fún, ẹni tó sùn lè má gbọ́ ọ.

Ọ̀sán Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni Dallas máa ń dán sírénì wò. Ọjọ́ yẹn ni mo máa ń lọ yẹ abẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wò. Lóṣù tó kọjá, mo bá kúlà kan níbẹ̀. Ọkọ mi ní òun máa gbé e kúrò tó bá di Sátidé.